Ògiri Aláró ní Ṣàpọ́n

Ọdún bíi mẹ́wàá ni mo ti fi sìmẹ́ńtì kọ́lé ní Láfẹ́nwá kí n tó lọ bá Bàbá Lásísì ṣiṣẹ́ ní Ṣàpọ́n. Ilé bíríkì pupa àtijọ́ ni bàbá náà ń tún ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bi í pé, “Bàbá, sìmẹ́ńtì dà?”

Ó wò mí títí. “Bíríkì àtijọ́ máa ń làágùn. Bí o bá fi sìmẹ́ńtì dí i lẹ́nu, omi á há sínú ẹ̀, ojú ẹ̀ á wá máa bó bí ojú ẹni tó ń bóra.”

Ẹfun là ń lò, èyí tí wọ́n sun láti ara ìkarahun odò, tí wọ́n sì pò mọ́ yanrìn. A ó ha ẹfun àtijọ́ kúrò láàárín bíríkì, a ó wọ́n omi sí i, a ó wá ti tuntun bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, a ó fi àpò tútù bo ògiri, torí pé ẹfun tó bá yára gbẹ, ìka lásán ló máa gbọ̀n ọ́n dànù.

Nígbà ọyẹ́ kan, ilé Alhaja Sínótù aláró la wà. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá fẹ́ lọ sí Ọ̀fàdà fún ọjọ́ méjì. Ó ní, “Bí ògiri yìí bá gbẹ kí n tó dé, Láfẹ́nwá ni kí o padà sí.”

Àpò kò tó, ọyẹ́ sì ń fẹ́ yìì. Mo rí aṣọ lórí okùn Alhaja, òun alára sì ti lọ sọ́jà ìlú mìíràn, ọ̀tunla ló máa dé. Mo kó o, mo rì í sómi, mo fi bo ògiri. Mo tún yin ara mi.

Ọjọ́ tí Bàbá dé, èmi àti Alhaja la jọ ṣí aṣọ náà. Àárín bíríkì ti di búlúù!

“Ta ló pa ilé bàbá mi láró?” Alhaja fọwọ́ lérí.

“Ẹ má bínú, mà. Èmi ni. Mo rò pé àkísà ni.”

“Àkísà kẹ̀! Aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, tí mi ò tíì ṣan!”

Bàbá sún mọ́ ògiri náà. Ó fi èékánná ha àárín bíríkì. Ní tèmi, ọkàn mi ti dé Láfẹ́nwá. Ó tún ha á. Kò gbọ̀n.

“Ó ti mú,” ló wí. “Àwọ̀ ló bàjẹ́, iṣẹ́ ò bàjẹ́.”

“Ṣé ká ha á kúrò, mà?” ni mo bi Alhaja.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. “Fi í sílẹ̀! Àwọn àna mi ò ní í ṣìlé aláró. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa ṣan gbogbo aṣọ yẹn.”

Mo ṣan aṣọ títí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì, ọwọ́ mi sì dú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Òjò ti fọ púpọ̀ nínú búlúù náà lọ, àmọ́ ó ṣì kù díẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, bíríkì kan ò sì bó níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, aṣọ yòówù tí mo bá fẹ́ fi bo ògiri, mo máa ń kọ́kọ́ fún omi rẹ̀ sójú àtẹ́lẹwọ́ mi wò.