Gìtá Béèsì tí Mo Gbẹ́ Nínú Igi Ìlùṣọ

Òórùn aró ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí agbo ilé wa ní Ìtòkú, kí ẹnikẹ́ni tó kí ọ. Abẹ́ òórùn yẹn ni mo ti hùwà òmùgọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìgbà ìjọba alágbádá ni. Mo ra pákó tútù ní ọ̀nà Òdẹ́dá, mo fẹ́ fi gbẹ́ gìtá béèsì, ẹni tó là á fún mi sì kìlọ̀ pé kí n sá a kó gbẹ dáadáa. Mo sá a lóòótọ́. Àmọ́ ṣé o mọ ibi tí èmi ọlọ́gbọ́n sá a sí? Abẹ́ okùn tí àwọn ìyá wa ń sá àdìrẹ sí! Oòrùn ń mú aṣọ gbẹ lókè, aró ń kán sí pákó mi nísàlẹ̀, tó, tó, tó. Nígbà tó yí padà di aláwọ̀ aró, inú mi dùn, mo ní Ọlọ́run ti bá mi kùn ún lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mo sì ń kọ́ ní Láfẹ́nwá, nítorí náà mo mọ bí a ti ń jẹ́ kí nǹkan dún. Ti pákó ni n kò mọ̀. Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì lára sípíkà tó ti kú, mo fi wáyà bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí yí i lára, kó lè máa gbé ohùn gìtá. Mo gé sípóòkù kẹ̀kẹ́, mo tò ó dábùú ọrùn gìtá, níbi tí ìka yóò ti máa tẹ okùn mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí pákó, okùn rẹ̀ nìkan ni mo rà. Ọjọ́ tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olórin kan ní Ìbarà, bí mo ṣe ń fa okùn yẹn le ni pákó tútù ń tẹ̀ lójú gbogbo wa. Ọ̀gá wọn wò ó, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá ọdẹ, ọfà rẹ̀ dà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí onílù fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán létí mi tí bàbá mi fi gbọ́. Alájì ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà, ó sì lórúkọ láàárín àwọn oníṣòwò. "Alágbe kò sí nínú ìdílé wa," ló wí. "Bí igi yẹn bá tún dún nínú ilé yìí, ìwọ àti òun ni ẹ ó jọ wá ibi sùn."

"Ẹ má bínú, sà." Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o, inú mi ti ń wá igi mìíràn.

Ìyá bàbá mi ló ni ìtì igi kan ní ẹ̀yìnkùlé. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ká aṣọ aláró lé, tí wọ́n á fi kùmọ̀ lù ú títí yóò fi dán. Ó ti pẹ́ tí wọn kò lu aṣọ mọ́ nílé wa, ewúrẹ́ ló ń sùn lórí rẹ̀. Igi náà ti gbẹ ju ẹran gbígbẹ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ rẹ̀. Màmá àgbà bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo sì sọ òótọ́, nítorí ojú ìyá yẹn kò ṣe é parọ́ sí. Wọ́n ní, "Lé ewúrẹ́ kúrò kí o tó là á."

Gbangba ẹ̀yìnkùlé ni mo ti gbẹ́ ẹ, níbi tí fèrèsé bàbá mi kọjú sí. Igi náà le débi pé ayùn ń ké, eruku rẹ̀ sì ń mú mi sín. Bí bàbá mi bá wúkọ́ nínú yàrá, ayùn mi á dúró. Bí ikọ́ bá tán, mo tún bẹ̀rẹ̀. Akọni ni mí, àmọ́ mo máa ń gbọ́ ikọ́. Nígbà tó yá, mo kó ohun èlò ti àkọ́kọ́ sí i lára, mo fa okùn le, mo tún fà á le sí i. Igi kò tẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, bàbá mi àti àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí pálọ̀. Mo gbé gìtá àti áńpù tó ń sọ ohùn rẹ̀ di ńlá wọ àárín wọn. N kò mọ ẹni tó rán mi. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin bàbá," mo ki wáyà bọ iná, mo sì ta okùn tó nípọn jù. Ife orí tábìlì gbọ̀n. Ohùn náà rinlẹ̀ bí ẹni pé abẹ́ ilé ló ti ń sọ̀rọ̀.

Bàbá mi dìde. "Gbé e jáde! Kí ìwọ náà sì máa bá a lọ!"

"N kò ní gbé e jáde, sà."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o! Títí dòní ni mo ń wá ẹni tó yá mi ní ẹnu yẹn. Mo ti ta gìtá náà ní ọ̀pọ̀ òde láti ìgbà yẹn, kò sì sí ọ̀kan tí ẹ̀rù kò bà mí. Bí mo bá ní kí ẹ̀rù tán kí n tó dìde, orí ìjókòó ni ǹ bá wà títí di àsìkò tí mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ n kò ní purọ́, kì í ṣe agídí mi nìkan ló jẹ́ kí n sùn sílé lọ́jọ́ náà. Ìyá bàbá mi ló yọ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, aró wà ní èékánná wọn, wọ́n sì kọjú sí ọmọ wọn níṣojú àwọn àlejò.

"Àkànní, kùmọ̀ ìlùṣọ ni bàbá rẹ gbé lé ọ lọ́wọ́. O jù ú sílẹ̀, o ní ọjà lo fẹ́ máa tà. Ta ló lé ọ jáde?"