Awọ Mẹ́ta Lórí Àjà ní Èrìjìyàn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ìjerò. Ìyá mi ló jí mi. Ó ń bínú sí Yèyé Wúrà, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ opó ní Èrìjìyàn. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ìyá mi fún un ní abo ewúrẹ́ kan sìn. Ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín, èkejì jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín in lọ́dọ̀ wa. Ti ìyá mi ti di mẹ́ta, pẹ̀lú ìyá ẹran náà, kó tó gbọ́ pé gbogbo wọn kú.

"Ó ti tà wọ́n ni," ni ìyá mi wí. "Bó bá ní wọ́n kú, kó fi awọ hàn ọ́. Mú un bọ̀ wá fún mi."

Àṣà wa ni. Ẹni tí ẹran àsìn bá kú mọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi awọ rẹ̀ han ẹni tó ni ín, kí wọ́n má bàa pè é ní olè.

Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni mo fi wọ takisí dé Arámọ̀kọ. Àwa mẹ́rin la fún ara wa pọ̀ sẹ́yìn, kòtò ojú ọ̀nà sì ń gbé wa sókè, ó ń sọ̀ wá kalẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti gun ọ̀kadà. Mo bi ọlọ́kadà bóyá lóòótọ́ ni ewúrẹ́ ń kú ní Èrìjìyàn.

"Bọ̀ọ̀dá, èwo ló kù?" ló dáhùn. "Látìgbà tí àwọn ọ̀gá yẹn ti wá pín ẹran ìrànwọ́ ni."

Ìrànwọ́! Yèyé Wúrà ló wá là á yé mi nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan kó òbúkọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wá láti òkè Ọya, wọ́n to àwọn opó síwájú kámẹ́rà, wọ́n fa okùn ẹran lé wọn lọ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bá mọ́tò wọn lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ikun ń ṣàn nímú ẹran tí wọ́n fi tọrẹ, kò sì sẹ́ni tó wò ó! Lọ́dọ̀ tèmi ní Ìjerò, ẹran tí mo bá rà lọ́jà á dá wà lórí ìso fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bá àwọn yòókù jẹ èèpo iṣu. Ṣé ẹnu ń dun àwọn ọ̀gá yìí tí wọn ò fi lè béèrè ni?

"Ọjọ́ náà gan-an ni mo tú u mọ́ àwọn yòókù ní ulé," ni Yèyé wí. "Mo ní á gun àwọn abo wa, kí ọmọ wọn lè ga. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ikọ́ dé, ìgbẹ́ gbuuru dé. Ukú bá wọlé."

Ó nawọ́ sórí àjà ìdáná, ó kó awọ mẹ́ta tí èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dúdú tán sílẹ̀.

"Ìyá wọn rè é. Wo funfun iwájú orí rẹ̀. Mi ò tà á, ọmọ mi. Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò jalè."

Inú bí mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Arúgbó ń rojọ́ níwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn tó kó àrùn wá sì ń fi fọ́tò rẹ̀ yangàn. Ta ló ti ní kí àwọn yẹn fi awọ hàn?

Mo ti ń ká awọ náà sínú àpò kí n tó rántí àwọn ewúrẹ́ mi tó wà nílé. Mo ní ká gbẹ́ kòtò ká bo àwọn awọ náà mọ́lẹ̀, kí n má bàa gbé àrùn lọ bá ẹran mi. Yèyé kọ́kọ́ kọ̀.

"Kí lo máa wá fi hàn án?"

"Ojú mi ló rí i, Yèyé. Ẹnu mi á sọ ọ́."

A bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó fún mi ní iṣu sísè àti epo, mo jẹ ẹ́, mo sì padà. Ní Arámọ̀kọ, mo yà kí dókítà ẹran kan. Ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Àwọn tó pín ẹran kò pe òun ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Ìjerò. Mo fọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Ìyá mi nawọ́.

"Awọ dà?"

Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀.

"Èló ló fún ọ nínú owó ẹran tó tà?"

Títí di òní, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò kí ara wọn. Mo sì gbọ́ pé àwọn ọ̀gá yẹn ti ń kó òbúkọ mìíràn bọ̀ wá sápá ibí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ so ẹran wọn lọ́tọ̀ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.