Orin Tí Hilary Fọwọ́ Gbọ́ ní Sallowmead

Ohùn àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ sá mọ́ Hilary Loxton létí. Alásè ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Somerset, nílẹ̀ òyìnbó. Ariwo àwo àti ìkòkò ti bá a gbé pẹ́, nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, ilé ìdáná ló dá lẹ́bi. Ìgbà tó yá ló rí i pé nínú ilé tirẹ̀ náà, omi tíì á hó títí á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, òun ò ní mọ̀. Ẹyẹ á bà sójú fèrèsé, á yanu, á sì pa á dé, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún yí ọkàn padà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ bí a ṣe ń wo ẹnu. Bí ọmọ kan bá ní òun ò fẹ́ ẹ̀wà, tí Hilary sì bu ẹ̀wà lé àwo rẹ̀, ọmọ á figbe ta, Hilary á rẹ́rìn-ín, á ní, "Jẹ ẹ́ jàre, ẹ̀wà ò pa ọmọ rí." Àwọn ọmọ rò pé ó ń bá àwọn ṣeré ni. Ẹ̀rín yẹn ló fi ń bo ohun tó ń dùn ún mọ́lẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ni, Noreen Tidball ni ìbá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Noreen ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹ irun fún àwọn obìnrin ìlú wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń jí ìkunra ètè ìyá wọn kùn ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́, kò sì sí ohun tí ọ̀kan jẹ tí èkejì ò mọ bó ṣe dùn tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ etí yìí kan ohun tó so wọ́n pọ̀ jù lọ, ìyẹn àjọ̀dún orin tí wọ́n máa ń ṣe nínú oko màlúù Sallowmead ní oṣù kẹfà. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọn ò sì pa ọdún kan jẹ láti ìgbà náà, àfi ọdún tí Hilary bímọ. Ọdún yẹn gan-an, Noreen tò sí ìdí tẹlifóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ó na ẹnu fóònù síta gbangba kí orin lè wọlé, Hilary sì jókòó sílé, ọmọ lọ́yàn, fóònù létí, ó ń gbọ́ orin pẹ̀lú ariwo àwọn tó ń bú Noreen pé kó kúrò lórí ìlà.

Bí wọ́n bá ti wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa jà lórí eré tó dùn jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti wò. Ti Noreen ni ti àwọn awakùsà tí ń fun fèrè idẹ, tí ọkọ̀ wọn rì sínú ẹrẹ̀, tí wọ́n gbé fèrè lé èjìká wá sórí ìtàgé. Ẹrẹ̀ ti gba bàtà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin tó ń fun èyí tó tóbi jù, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ tútù fun fèrè títí eré fi parí.

"Ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ lò ń wò, o ò gbọ́ orin," ni Hilary máa ń sọ.

"Mo gbọ́ orin, mo tún rí ìbọ̀sẹ̀. Ìwọ ńkọ́, tó jẹ́ pé ẹni kan ṣoṣo lo mọ̀?"

Òótọ́ ni. Ẹni kan ṣoṣo ni Hilary mọ̀, Delphine Marchbank, obìnrin tó ń ta gòjé tó sì ń kọrin sí i. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, mànàmáná pa iná ìtàgé nígbà tó kàn án. Àwọn èèyàn ti ń palẹ̀ mọ́ kí wọ́n máa lọ. Delphine bá sọ̀ kalẹ̀ sáàárín wọn, ẹrẹ̀ mù ún dé ojúgun, ó sì kọ orin kan láìsí gbohùngbohùn, orin obìnrin tó gbin igi ápù sí ẹ̀bá ọ̀nà tí olólùfẹ́ rẹ̀ bá lọ. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn dákẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ bí òjò ṣe ń kán sórí aṣọ òjò ara wọn. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá pọ́n Hilary lójú, Orin Igi Ápù ló máa ń kùn sínú.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ìròyìn jáde pé Delphine ń bọ̀ wá sí Sallowmead, pé ó ti dàgbà, pé lẹ́yìn èyí kò ní kọrin níta mọ́. Noreen pariwo ayọ̀. Hilary náà pariwo, ṣùgbọ́n nínú yàrá rẹ̀, ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá sún mọ́ iwájú dáadáa, bóyá etí á ṣàánú òun lẹ́ẹ̀kan yìí.

Òjò ti kọ́kọ́ dé Sallowmead kí wọ́n tó dé. Wọ́n da koríko gbígbẹ sí ojú ọ̀nà, ẹrẹ̀ gbé e mì. Bàtà rọ́bà tí kò bá dé orúnkún, ẹlẹ́yà ló fẹ́ fi olówó rẹ̀ ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n tún ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú. Noreen ra ọ̀dùnkún díndín, Hilary ra ọtí ápù, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń rìn lọ láàárín àwọn àgọ́, Hilary níwájú.

Katakata kan tó fa táńkì omi ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Awakọ̀ fun fèrè. Gbogbo èèyàn yà. Hilary ò yà. Awakọ̀ tún fun ún, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń pariwo, wọ́n ń juwọ́ sí i, Hilary rò pé wọ́n ń kí òun ni, ó juwọ́ padà sí wọn. Noreen ju ọ̀dùnkún nù, ó fò mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì ṣubú gbì sínú ẹrẹ̀. Katakata náà dúró.

"Ìyá, ṣé etí yín di ni?" awakọ̀ ló ń bínú bẹ́ẹ̀.

"Etí bàbá ẹ ló di!" Noreen dá a lóhùn láti ilẹ̀. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ láàárín ọmọ èèyàn nìyẹn?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Hilary náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Noreen ò rẹ́rìn-ín. Ó ń nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń wò ó.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Ọkàn mi ò sí níbẹ̀ ni."

Ìrọ̀lẹ́ rọ̀, oòrùn yọjú díẹ̀ lábẹ́ ìkùukùu. Wọ́n ti rá pálá dé ẹ̀bá ọgbà iwájú ìtàgé. Delphine jáde wá, irun rẹ̀ funfun, wọ́n gbé àga fún un, ó sì gbé gòjé sí ọrùn. Hilary di irin ọgbà mú. Ó tẹ́ etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Ìlù wọlé, bí ìlù ilé kejì. Gòjé ò wọlé rárá. Ó ń rí ọ̀pá gòjé tó ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹni tó ń fi ayùn rẹ́ igi tí kì í dún. Ẹnu Delphine ń ṣí, ó ń pa dé, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹyẹ ojú fèrèsé. Hilary wo ẹ̀gbẹ́, ó rí i pé omijé ti bo ojú Noreen, pé àwọn èèyàn ti ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ń kọrin. Kí ó má bàa dá yàtọ̀, òun náà la ẹnu, ó ń kọrin sókè, orin ọkọ̀ ojú omi tí Delphine sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí i. Noreen dì í mú ní èjìká, ó yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Hilary, orin wo lò ń kọ?"

"Èyí tó ń kọ náà ni."

"Igi Ápù ló ń kọ."

Hilary rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ kedere. Orin tó tìtorí rẹ̀ wá ti dé, ó ti kọjá ìdajì, òun ò dá a mọ̀.

"Láti ìgbà wo?" Noreen bi í.

"Ó ti pẹ́."

"Ó ti pẹ́! Mo rojọ́ rojọ́ nínú bọ́ọ̀sì, ò ń mi orí fún mi bí alángbá! Katakata fẹ́ gun ẹ pa, o ní ọkàn ẹ ò sí níbẹ̀! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, o ò ní pè mí wá mọ́. Wàá máa ṣàánú mi, wàá máa lọ pẹ̀lú ẹlòmíì."

"Ta ló fẹ́ bá mi lọ?" Noreen ń sunkún, ó ń bínú, ohun méjèèjì dàpọ̀ mọ́ ọn lójú.

Ẹnì kan fọwọ́ kan Hilary lẹ́yìn. Arábìnrin àgbà kan ni, ó wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ìyeyè, ó sì di bàlúùnù pupa kan mú, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ọjọ́ ìbí ọmọdé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni àwọn adití dúró sí, níwájú pèpéle kékeré kan tí ọkùnrin kan ti ń fi ọwọ́ túmọ̀ orin fún wọn, kálukú wọn sì di bàlúùnù tirẹ̀ mọ́ra. Láti Wales ni obìnrin náà ti wá, Bronwen lorúkọ rẹ̀, kò sì gbọ́ ohùn kankan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ti ka gbogbo ìjà wọn lẹ́nu wọn láti ibi tó dúró sí.

"Ẹ gbà á," ló wí, ohùn rẹ̀ rí pẹrẹsẹ, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. "Ẹ fi sí àyà. Ẹ má fún un jù, á bẹ́."

Hilary gbà á mọ́ àyà. Ìlù ló kọ́kọ́ dé, ó ń lù ú ní àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ló wá mọ ohun mìíràn lára ìlù náà, ohun tín-ín-rín kan tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀ bí eèrà tó ń sáré lórí awọ. Ó gbójú sókè. Bí ọ̀pá gòjé bá dúró, eèrà á dúró. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, eèrà á bẹ̀rẹ̀. Ó wo ọkùnrin orí pèpéle, ó rí i tó fi ọwọ́ kan wa ilẹ̀, tó fi èkejì hù jáde bí igi, tó sì ya ìka sí ẹ̀ka. Ó mọ ibi tí orin dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, lọ́tẹ̀ yìí kò ṣi orin kọ.

Kì í ṣe bó ṣe gbọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀. Kò tan ara rẹ̀ jẹ. Ohùn tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá a nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà ti lọ, kò sì ní padà, ó sì sunkún rẹ̀ níbẹ̀, bàlúùnù láyà.

Nígbà tí orin parí, ó kọjú sí Bronwen, ó rọra sọ ọ́ kí ó lè rí ẹnu òun, "Ṣé bí ẹ ṣe máa ń gbọ́ ọ nìyí?"

Bronwen gbé èjìká sókè. "Mi ò mọ bí ẹ̀yin ṣe ń gbọ́ ọ. Tèmi tó mi."

Noreen na ọwọ́, ó gbé e lé bàlúùnù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hilary. Orin tó kù, àwọn méjèèjì jọ gbà á sọ́wọ́ ni. Nígbà tí Delphine dìde láti dágbére, ogunlọ́gọ̀ pàtẹ́wọ́, àwọn adití sì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n bí ewé, ìyẹn ni àtẹ́wọ́ tiwọn. Hilary dúró, kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe. Ó ṣe méjèèjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Noreen gbé tíì wá bá a nínú àgọ́, ó jókòó síwájú rẹ̀, ojú sí ojú.

"Mo ṣì ń bínú sí ẹ o. Má rò pé mo ti gbàgbé."

"Mo mọ̀."

"Dókítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ni mò ń mú ẹ lọ."

Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi wọ ilé ìdáná ilé-ìwé, ariwo àwo bá a bí òkò, ó sì yọ ọ́ sínú àpò. Díẹ̀díẹ̀ ló mọ́ ọn lára. Ó sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ń nàka sí ohun tí wọ́n fẹ́ wàyí, ẹ̀wà ò sì tún ṣèèṣì dé àwo ẹnì kan mọ́. Gòjé kò padà. Dókítà ti sọ fún un pé kò ní padà.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ èdè ọwọ́ nínú ilé ìkàwé ìlú. Ó yá Hilary lára, ó ti mọ bí a ṣe ń wojú èèyàn. Noreen ni ò mọ̀ ọ́n rárá. Níbi tó ti fẹ́ sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún olùkọ́, tó jẹ́ adití, pé irun èèyàn lòún ń gẹ, orí èèyàn ló sọ pé òún ń gé. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Hilary fi ọwọ́ ṣàlàyé àṣìṣe náà fún un, lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ẹ̀rín ń pa òun náà. Noreen wò ó tán, ó sì na ìka méjì sí i, èébú tí àwọn òyìnbó ń fi ọwọ́ bú ara wọn, èyí tí olùkọ́ kankan ò kọ́ ọ, tó sì yé gbogbo ilé.