Máṣíìnì Bàbá Mi Tó Ń Fò Síwájú

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí táǹkì máṣíìnì ni bàbá mi máa ń gbé mi jókòó lé, ọjọ́ kan wà tí táyà típà kan kọjá níwájú orúnkún mi, tí mo sì gbóòórùn rọ́bà rẹ̀. Ohun tí bàbá mi ń gùn yẹn, ọ̀kadà lẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè é. Máṣíìnì ni àwa ń pè é nígbà náà. Ojú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá la wà. Bàbá mi dúró kí típà tó kó yanrìn yẹn lè kọjá. Ó ti ki jíà bọ̀ ọ́, ó sì fi ọwọ́ òsì fa kílọ́ọ̀ṣì mọ́ra, torí pé kílọ́ọ̀ṣì ló máa ń já agbára ẹ́ńjìnì kúrò lára táyà kí máṣíìnì lè dúró jẹ́ẹ́. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò tú u sílẹ̀ rárá. Síbẹ̀, máṣíìnì fò síwájú bí ẹran tí wọ́n fi nǹkan gún. Bàbá mi tẹ bíréèkì, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gún ilẹ̀, ẹ́ńjìnì kú. Ohun tó kù láàárín èmi àti táyà yẹn kò gùn ju apá ọmọdé lọ.

Nígbà tí a délé wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, mo sá lọ bá ìyá mi. Bàbá mi ló ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, kò sì fi nǹkan kan pamọ́.

Ìyá mi ní, "Tí nǹkan yìí bá tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn onírin àlòkù ni mo máa pè wá gbé e."

"Kí n wá máa fẹsẹ̀ rìn dé Command?"

"Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ kì í fò síwájú típà."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Tíṣà ni bàbá mi ní ilé ìwé kan nítòsí Command, ọ̀gá wọn sì ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé ó ń pẹ́ dé. Tí kò bá sí máṣíìnì, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí máṣíìnì bá sì wà bó ṣe wà yẹn, ó lè pa ẹnì kan.

Mẹkáníìkì méjì ló kọ́kọ́ wò ó. Àwọn méjèèjì ní wáyà kílọ́ọ̀ṣì ló dẹ̀, wọ́n sì fún un le. Máṣíìnì ṣì ń fò. Ó tún wá mú àìsàn mìíràn mọ́ ọn: tó bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnì á máa pariwo, ṣùgbọ́n táyà ò ní fẹ́ yí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí a ti ń wọ aṣọ funfun, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n sì wọ́n omi sí i lára. Bàbá mi ṣe àmín dáadáa, ó tún ń wá mẹkáníìkì kẹta kiri.

Bàbá àgbàlagbà kan ni ẹni kẹta yẹn. Ẹ̀yìn ilé wa ló ń gbé, ó sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí ojú tó ń dùn ún. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́. Kì í mú sípánà dání kó tó jẹ́ kí ẹni tó ni máṣíìnì gùn ún níwájú òun. Ibi tí àwọn yòókù ti ń wo ẹ́ńjìnì, ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ló máa ń wò. Ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì bàbá mi, èmi sì rọ̀ mọ́ ìró ìyá mi lókèèrè.

"Tíṣà, fà á."

Bàbá mi fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì.

"Fà á dópin."

"Ó ti dópin, Bàbá."

"Kò tíì dópin. Aṣọ ló dá ọ dúró." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó rẹ ti rán bùbá fún máṣíìnì, ó kù kí ẹ wé gèlè fún un!"

Kò sẹ́ni tó ti ro ìyẹn rí. Àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi máa ń bó torí bí máṣíìnì ṣe ń gbọ̀n. Kí máṣíìnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ìyá mi ti fi ègé ànkárá rán fóòmù nípọn nípọn mọ́ ibi tí ó ń dì mú. Gbogbo àdúgbò ló yìn ín. Fóòmù yẹn ló gba àyè tí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ì bá fi wọlé dé òpin, tí kílọ́ọ̀ṣì kò fi já tán.

Ìyá mi káwọ́ lérí. "Yéè! Èmi ni mo fẹ́ pa ọmọ mi."

Bàbá àgbàlagbà yẹn ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀ jàre. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára. Iwájú nìkan ni kò gbà á."

Ó mú abẹ́, ó gé fóòmù iwájú kúrò, ó sì fi ti ẹ̀yìn, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ máa ń gbé, sílẹ̀ pẹ̀lú ànkárá rẹ̀. Ó dẹ wáyà díẹ̀, torí pé líle rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó lè gun òkè. Ó wá ti igi ìṣáná bọ ìdí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti kan irin tó gbé e dúró. Ó ní bí igi yẹn bá wọlé tí kò jábọ́, àyè ti tó. Bí kò bá wọlé, wáyà ti le jù. Láti ọjọ́ yẹn, máṣíìnì ò fò mọ́, bàbá mi ò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ mọ́. Èmi ni mi ò gùn ún mọ́. Títí mo fi dàgbà, títí bàbá mi fi kú, mi ò gun máṣíìnì kankan.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin gbé e jáde nínú yàrá ẹrù, ó ní kí mẹkáníìkì kan tún un ṣe, ó kùn ún ní pupa bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ kí a jọ gùn ún láti ilé rẹ̀ ní Ìgàndó lọ síbi ìdúpẹ́ ìrántí bàbá wa. Mo kọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìbẹ̀rù yín ti pọ̀ jù, ṣá."

Ó ki jíà bọ̀ ọ́ nínú ọgbà, ó fa kílọ́ọ̀ṣì, máṣíìnì sì fò lọ kọlu dúrọ́ọ̀mù omi. Mẹkáníìkì tó tún un ṣe dé, ó wo fóònù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fẹ́ fún wáyà le. Mo ní kó dúró. Mo ní kí àbúrò mi gùn ún, èmi náà sì lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ bí mo ṣe rí i tí bàbá àgbàlagbà yẹn ṣe. "Fà á dópin." Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n rà, ti oríṣi máṣíìnì mìíràn ni, ó tẹ̀ wọnú jù. Ó ti kan rọ́bà ibi tí a ń dì mú kí kílọ́ọ̀ṣì tó já. A wá ọwọ́ àtijọ́ rí nínú páálí, wọ́n dá a padà síbẹ̀, mo sì fi igi ìṣáná wọn ìdí rẹ̀ fúnra mi.

Ayé ti yí padà. Yanrìn tí àwọn típà yẹn ń kó ti di ilé tó kún Ẹ̀gbẹ́dá báyìí. Nǹkan tuntun pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì ní ó bá gbogbo máṣíìnì mu. Mi ò bú àwọn ọmọ òde òní. Wọ́n mọ ohun tí àwa ò mọ̀. Mi ò kàn tíì rí ẹni tó ń wo ọwọ́ ènìyàn pẹ̀lú sùúrù bí bàbá àgbàlagbà yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́, mo jókòó sẹ́yìn àbúrò mi. Nígbà tí a dé Ìkọ̀tún, mọ́tò ńlá kan fẹ́ kọjá. Àbúrò mi fa kílọ́ọ̀ṣì. Mo na ọrùn, mo wo ọwọ́ òsì rẹ̀: ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì wọlé dópin. Máṣíìnì ń kùn jẹ́ẹ́ lábẹ́ wa, kò sún rárá. Mọ́tò kọjá.

Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí n máa lọ?"

Mo ní kó máa lọ.