Ọjọ́ Tí Mo Lọ Wọn Ọ̀gbun Lẹ́yìn Ìrókò

Ìdájí ni mo kúrò ní yàrá wa ní yunifásítì, tí àwọn tí a jọ ń gbé ṣì ń hanrun. Ọdún kẹta mi nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì nìyẹn, apá tó jẹ mọ́ ilẹ̀, omi àti àpáta. Olùkọ́ wa ti ní kí oníkálukú lọ wá ibi tí àgbàrá ti ń jẹ ilẹ̀, kó wọ̀n ọ́n, kó sì kọ ohun tó bá rí. Mo wọ ṣòkòtò káákì ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo dé fìlà, mo gbé téèpù gígùn kọ́ èjìká. Mo rí i nínú dígí pé mo jọ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ní Mọ́níyà, mo ra búrẹ́dì àti àkàrà, mo wọ píkọ́ọ̀pù awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Múfú. Náírà mẹ́ta ló gbà dé abà kan lẹ́yìn Ìrókò, níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń parí ìrìn sí. Títì ọlọ́dà gbé wa dáadáa títí a fi yà. Láti ibẹ̀, erùpẹ̀ pupa àti kòtò ni, orí mi sì ń gbá irin ọkọ̀.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ àpáta là ń kọ́lé sí. Ẹ̀rù lè bà wá kí òkúta má yí lù wá, àmọ́ kì í bà wá pé ilẹ̀ á yọ́ lọ lábẹ́ wa. Ọ̀gbun tí mo bá ní abà yẹn jìn ju ènìyàn méjì tó dúró léra wọn lọ. Gbòǹgbò ọ̀pẹ rọ̀ sílẹ̀ létí rẹ̀ bí irun. Ilé kan wà lókè létí rẹ̀, ìgbésẹ̀ mọ́kànlá péré sí ibi tí ilẹ̀ ti ń ya.

N kò tíì na téèpù tán tí Baálẹ̀ abà náà, bàbá arúgbó tó ń tiro, fi dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ẹ káàbọ̀ o, màdáàmù. Ìjọba ti rántí wa nìyẹn?”

Nílé wa, “ìwọ ọmọ yìí” ni bàbá tó dàgbà tó báyìí ì bá pè mí. Ó yẹ kí n sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n “ẹ” tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ ti kó sí mi lórí. Mo sì ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n lè lé mi.

“Ìgbà wo ni kátapílà máa dé?” ni bàbá bi mí.

“Kò ní pẹ́, Bàbá.”

Ìyá tó ni ilé náà, Ìyá Bọ́sẹ̀, opó ni, aládùúrà sì ni. Aṣọ àdúrà rẹ̀ ń gbẹ lórí okùn. Nígbà tó gbọ́, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa. “Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbààwẹ̀ nítorí ọ̀gbun yìí. Ọlọ́run ló rán yín.” Ó pa adìyẹ, ó gún iyán. Àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù, èmi ni wọ́n gbé e fún. Àwọn àgbà jókòó sórí àpótí. Itan adìyẹ náà, èmi ni wọ́n bù ú fún. Mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́sàn-án, mo wọ ọkọ̀ Múfú padà, iwájú ló ní kí n jókòó sí. A ti ń wọ Mọ́níyà nígbà tó ní, “Ẹ ṣeun gan-an o. Ìyá Bọ́sẹ̀ ti ní kí n sọ fún àbúrò òun ní Ṣáṣá kó má wá ní Sátidé mọ́. Àbúrò náà ti fẹ́ wá tú páànù ilé, kó sì kó ìyá àtàwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kúrò kí òjò tó dé. Ìyá ní ìjọba ti dé, òun ò kó mọ́.”

Mo yíjú sí i kíá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Èmi kì í ṣe ìjọba. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.”

Ó dá ọkọ̀ dúró. Ó wò mí títí. “Ìwọ kọ́ lo rán mi. Ẹni tó rán mi ni kó wá gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Màá wà ní Mọ́níyà di ìrọ̀lẹ́.”

Mo gun ọ̀kadà padà. Mo kúnlẹ̀ síwájú Baálẹ̀ àti Ìyá Bọ́sẹ̀, mo jẹ́wọ́. Baálẹ̀ dìde, ó wọlé. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń wò mí.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mọ́kànlélógún, mà.”

“Bọ́sẹ̀ mi jù ọ́ lọ.” Ó tọ́ka sí téèpù èjìká mi. “Okùn tí o fi wọn ilẹ̀ yẹn, kí ló sọ nípa ilé mi?”

“Ẹ kó, mà. Ẹ má jẹ́ kí òjò yìí bá yín níbẹ̀.”

Ó wé gèlè, ó gun ọ̀kadà náà lẹ́yìn mi. Èémí rẹ̀ ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn ọrùn mi títí a fi dé Mọ́níyà. Ó ní kí Múfú má jẹ́ iṣẹ́ náà mọ́. Mo na owó ọkọ̀ tó máa fi padà sí i, ó ti ọwọ́ mi sẹ́yìn.

“Fi ra ìwé.”

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé yàrá wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí bí ìrìn àjò ti rí, mo ní ó dára. Mo ti wá mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹni tó lọ wo ilẹ̀ àwọn ènìyàn lè tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo ń kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí mo dé ibi tí wọ́n ní kí a kọ ìṣòro tí a bá pàdé sí, ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n.