Kọ́ọ̀pù Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ẹ̀rọ

Ní Kambolé tí wọ́n bí mi sí, ìyá mi kì í ra oúnjẹ títà. Ó ní ẹni tó ń ra iyán jẹ lójú ọ̀nà kò lè mọ irú iṣu tí wọ́n fi gún un. Ọ̀rọ̀ yìí ló kó bá mi. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí Tchamba, tí gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lo kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe rà á, èmi ní n ò gbà o. Mo lọ wá irú ètò kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ pé wọn kì í gbé nǹkan jíjinná fún èèyàn. Kóòdù tútù ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, bí àwọn tó ṣe ètò náà ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kọ̀ǹpútà rẹ fúnra rẹ̀ ni yóò sì sè é títí tí yóò fi ṣeé lò. Ẹ ò rí i pé mo gbọ́n? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé oúnjẹ náà kì í jinná bọ̀rọ̀. Mizajuu ni àwa ń pè é tí èèyàn bá ń sọ àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ di tuntun. Èyí tí ẹlòmíràn máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe, odindi ọjọ́ kan lèmi máa ń fi ṣe é. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń roko kí koríko má baà bo ebè. Oṣù méje gbáko ni mi ò fi ṣe é. Ọ̀lẹ ni mo ya, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́.

Àárín oṣù méje yẹn ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi délẹ̀. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ ń gbé Sokodé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá yìí. Ọmọ Kambolé bíi tèmi ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Sokodé débi pé èdè Tem ló fi ń nájà. Yorùbá ló wá kù tó fi ń bínú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fojú hàn án, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n dìde, ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Ó fa ọwọ́ mi, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi síwá sẹ́yìn.

"Kí ló wà níbi iṣẹ́ ọ̀hún téèyàn lè fọwọ́ bà?"

Mo ní ìwé tí mo bá tẹ̀ ni. Ó ní, "Mi ò ní fi ọmọ mi fún afẹ́fẹ́ o. Ìwé tí a máa fi pe èèyàn síbi ìgbéyàwó yìí, ìwọ ni wàá tẹ̀ ẹ́. Màá wá sí Tchamba lọ́jọ́ Àlàmísì. Ojú mi ló gbọ́dọ̀ ṣe tó máa jáde nínú ẹ̀rọ rẹ, kí n fọwọ́ bà á, kí n pín in ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀. Bí kò bá jáde, a jẹ́ pé o ò níṣẹ́ nìyẹn, kálukú á máa lọ nílé rẹ̀."

Ìyàwó mi nìyẹn, lórí bébà!

Ẹni tó gbọ́n á fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, á sì máa ka ọjọ́. Èmi ní rárá, ta ló ń fi aṣọ ìdọ̀tí pàdé àna? Àárọ̀ ọjọ́ Àlàrùbá, mo dáwọ́ lé mizajuu oṣù méje. Nígbà tí kọ̀ǹpútà to orúkọ àwọn nǹkan tó fẹ́ sè sílẹ̀, mo wò ó, mo wò ó, kò tán. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni ì bá tó parí.

Àmọ́ ètò yìí ní ọgbọ́n kan. Ó gbà fún ọ kí o sọ ohun tí o kò fẹ́ nínú ọbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ní kí wọ́n má fi ata sí tòun. Wàá kọ orúkọ nǹkan náà, wàá fa ìlà kékeré síwájú rẹ̀, ó ti yọ nìyẹn, ẹrù á sì fúyẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo orúkọ ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi níwèé. Mo yọ èyí tó wà fún kámẹ́rà. Mo yọ èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ni mo bá kan ọ̀kan tí wọ́n kọ báyìí: cups.

Háà, èyí mo mọ̀! Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa gbé ife oníke kan sókè, ó ní kí gbogbo wa pariwo pé, "Dìsì ìs à kọ́ọ̀pù!" A rẹ́rìn-ín títí, torí kọ́ọ̀pù náà ni à ń pè é nílé, a ní òyìnbó wá jí ọ̀rọ̀ ìyá wa. Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí mo gbójú lé láyé mi nìyẹn. Mo wá bi ara mi pé kí ni kọ́ọ̀pù ń wá nínú kọ̀ǹpútà. Á jẹ́ eré bọ́ọ̀lù kan ni, tí wọ́n ti ń du ife ẹ̀yẹ. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lèmi ní, mi ò ní pápá. Wọ́n kọ àlàyé ìlà kan péré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò kà á. Mo fa ìlà síwájú kọ́ọ̀pù, mo sì ní kí ẹ̀rọ máa sè.

Fáànù kan ṣoṣo ni mo ní, mo kọjú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà kí ooru má baà pa á. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, ó parí. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Àfẹ́sọ́nà mi pè mí lórí fóònù.

"Bàbá ti wọkọ̀ o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Nǹkan bí i kí ni? Má dà mí láàmú jàre."

Mo ní kí n dán ìwé kan wò. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan rí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rèé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ o, iná rẹ̀ ń tàn, ó ń wò mí! Mo yọ okùn rẹ̀, mo tì í padà sójú ihò rẹ̀. Mo ṣe bísímílà, mo tún yọ ọ́, mo tún tì í wọlé. Mo gbá a létí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni mo ti gbọ́ "Àsàláàmù àlékùn" lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá ni, tòun ti fìlà, tòun ti téèpù tó fi ń wọn pákó nínú àpò. Mo dọ̀bálẹ̀ wéré, mo fún un ní àga, mo sì yára kẹ́yìn sí i, mo padà sídìí wàhálà mi. Ó jókòó. Fáànù ń fẹ́ kọ̀ǹpútà, àna mi ń làágùn, èmi ò rí i. Nígbà tó yá, ó bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀.

"Ó ń sè lọ́wọ́ ni, Bàbá."

"Ó ń se kí ni?"

Irọ́ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, látorí kóòdù tútù títí dórí àwọn nǹkan tí mo yọ. Mo rò pé á bínú. Àga ló fà sún mọ́ mi.

"Pákó ni wọ́n wá ń fi ránṣẹ́ sí ọ, wọn ò fi àga ránṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Pákó gan-an ni."

"Ẹ̀rọ rẹ ló ń rẹ́ ẹ, tó ń fá a?"

"Òun ni, Bàbá."

"Hùn. Èmi náà kì í ra àga tí ẹlòmíràn kàn." Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ka àwọn tí o gé dànù sí mi létí."

Mo ka kámẹ́rà. Mo ka ti fóònù. Mo ka kọ́ọ̀pù. Bàbá yọ fìlà, ó fi nu ojú, ó wò mí bí ẹni tó rí àjèjì.

"Láti Sokodé ni mo ti ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó síbí, fáànù ń fẹ́ ẹ̀rọ, o ò bi mí pé, Bàbá, ṣé ẹ máa mu omi. Mo rò pé ojú ló ń tì ọ́. Àṣé o ti yọ kọ́ọ̀pù kúrò nínú ilé pátápátá!"

Yéè! Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀. Mo yíjú sọ́tùn-ún, mo yíjú sósì, kò sí ife kankan nínú ṣọ́ọ̀bù mi lóòótọ́. Omi inú ọ̀rá ni mo máa ń fi eyín já mu. Mo sáré lọ yá ife lọ́wọ́ ìyá oníkókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo bu omi, mo kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó mu ún tán, ó ní "Àlùhámúdùlíláì," ó dá ife náà padà sí mi lọ́wọ́.

"Ó yá, dá èyí tó wà nínú ẹ̀rọ náà padà."

"Bàbá, ìyẹn ò kan..."

"Mo ní dá a padà! Ilé tí kò ní kọ́ọ̀pù, kí ló fẹ́ ti inú rẹ̀ jáde fún àlejò?"

Àna kì í ṣe ẹni tí à ń bá jiyàn. Mo lọ síbi orúkọ náà kí n lè fi tù ú nínú, ìgbà yẹn ni mo tó ka ìlà kan péré yẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò kan ife, kò kan bọ́ọ̀lù. Ìnagijẹ ni, lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n gé lára orúkọ gígùn kan, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀ lọ. Èmi onítẹ̀wé, mo ti fọwọ́ ara mi yọ ìwé títẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ mi!

"Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Kọ́ọ̀pù ni."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. Mi ò sì láyà láti ṣàlàyé ìyókù.

Mo pa ìlà kékeré yẹn rẹ́. Ìwọ̀nba àwọn tó bá kọ́ọ̀pù tan ni ẹ̀rọ tún sè. Bàbá lọ kírun ọ̀sán, ó padà wá, òun ni mo kọjú fáànù sí lọ́tẹ̀ yìí. Bí ooru bá fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, kó pa á. Kò tíì tó àsìkò ìrun Alásárì tí ìwé àkọ́kọ́ fi jáde. Bàbá ti gbà á kó tó balẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ bí ẹni ń yẹ pákó wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ó gbóná," ló wí. Mo rò pé á ní mo káre. Ó fa téèpù yọ, ó wọn etí ìwé. "Ọwọ́ òsì fẹ̀ ju ọwọ́ ọ̀tún lọ. Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Ó pín in lọ́jọ́ Jímọ̀. Àfẹ́sọ́nà mi ló sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n bi bàbá òun léèrè iṣẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀, ó ní káfíńtà ni, pé lẹ́tà ló ń fá.

Ọjọ́ tí wọ́n mú ìyàwó wá fún mi ní Tchamba, àpótí kan wà nínú ẹrù rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Mo ṣí i. Kọ́ọ̀pù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ó fi èyí tó ṣẹ́kù nínú ìwé ìpè wa wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìdérí rẹ̀ pé: Má yọ wọ́n o.