Ìdọ̀bálẹ̀ Ẹnu Gọ́ọ̀lù

Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu gọ́ọ̀lù lónìí, bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá sínú àwọ̀n.

Fáínà ni, àwa Ayégbajú pẹ̀lú Ọ̀tùn. Àgbẹ̀ àti mẹkáníìkì ló pọ̀ nínú tiwa. Ọmọ yunifásítì ni gbogbo tiwọn. Èmi ni mò ń ṣọ́lé.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù méje ti wọ àwọ̀n mi, alága wọn bọ́ agbádá, ó ní òun náà fẹ́ gbá díẹ̀. Bàbá Bọ́lá ni, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Rẹfirí rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kó wọlé.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ta bọ́ọ̀lù sí i. Ó fi sálúbàtà tì í dé iwájú mi, ó dúró.

"Ṣé o ò rí mi ni?"

Kí n tó ronú, àyà mi ti kanlẹ̀. "Ẹ kú uṣẹ́, sà."

Ó rọra ti bọ́ọ̀lù wọlé. Ó wá pariwo kí gbogbo pápá lè gbọ́:

"Ẹni tí kò lè ṣọ́ ulé onígi mẹ́ta ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn ará ilé wa. Bọ́lá tó dúró lẹ́yìn àwọ̀n ló mú bọ́ọ̀lù náà. Mo nawọ́ kó jù ú fún mi. Bàbá rẹ̀ ló jù ú sí, ó ní:

"Bàbá mi, ẹ gbá òmíràn."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdána wa, mo sì tún máa dọ̀bálẹ̀ fún un.